Kí Ló Ń Pa Fídíò 4K Yín? Ìdáhùn Sáwọn Ayàwòrán Èkìtì Lórí Ọ̀rọ̀ Lẹ́ńsì

Ìwé tó ń wọlé sójú ewé yìí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pọ̀, ohun kan náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ: kámẹ́rà tuntun, 4K, owó ńlá, síbẹ̀ àwòrán kò mú. A ti kó àwọn tó jọra pọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti gba àlàyé gígùn la ó ti dúró pẹ́, ibi tí kò bá gba púpọ̀, a ó tètè kọjá.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra kámẹ́rà tó ń ya 4K, lẹ́ńsì 18-55mm tó bá a wá ni mò ń lò. Nígbà tí oníbàárà wo fídíò ìgbéyàwó rẹ̀ nílé, ó ní kò yàtọ̀ sí èyí tí mo fi kámẹ́rà HD àtijọ́ yà fún ẹ̀gbọ́n òun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n lọ ra lẹ́ńsì olówó gọbọi. Ṣé lẹ́ńsì ló fà á lóòótọ́? — Ayàwòrán, Òkèṣà, Adó-Èkìtì

Ẹ má tíì ná owó yẹn. Ó ṣeé ṣe kí lẹ́ńsì jẹ̀bi, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi kàn án.

Fídíò HD kíkún ní píksẹ́lì (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 1920 ní ìbú àti 1080 ní òòró. Ti 4K jẹ́ 3840 ní ìbú, 2160 ní òòró. Èyí ni pé bíi mílíọ̀nù 2 píksẹ́lì ni HD ń kọ sílẹ̀ nínú frémù kan, ìyẹn àwòrán kan ṣoṣo nínú fídíò, 4K sì ń kọ ohun tó lé ní mílíọ̀nù 8. Ṣùgbọ́n píksẹ́lì kì í dá nǹkan rí fúnra rẹ̀. Ohun tí lẹ́ńsì bá gbé wá bá a ló ń kọ. Bí lẹ́ńsì bá ti pa fọ́nrán irun méjì pọ̀ mọ́ra kí ìmọ́lẹ̀ tó balẹ̀ sórí sẹ́ńsọ̀, ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, 4K kò lè yà wọ́n mọ́. Ìdí nìyẹn tí fídíò 4K tí lẹ́ńsì rẹ̀ kò mú fi máa ń jọ HD tí wọ́n kàn fẹ̀ lójú.

Àwọn tó ń ṣe lẹ́ńsì máa ń fi iye ìlà dúdú àti funfun, ní méjì-méjì, tí lẹ́ńsì lè yà sọ́tọ̀ nínú mìlímítà kan wọn bó ṣe mú tó. Kámẹ́rà full frame, tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 36, ń béèrè nǹkan bíi 53 kí 4K tó lè kún. Kámẹ́rà APS-C, irú èyí tí lẹ́ńsì 18-55mm máa ń bá wá, fẹ̀ tó mìlímítà 23.5, ó sì ń béèrè bíi 82, torí pé inú àyè tó kéré ló ti fẹ́ to píksẹ́lì 3840 kan náà sí. Micro Four Thirds, tó jẹ́ mìlímítà 17.3, ń béèrè bíi 111. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ṣe kéré tó ni iṣẹ́ lẹ́ńsì ṣe ń le tó. Ẹni tó bá rò pé kámẹ́rà kékeré lè gba lẹ́ńsì yẹpẹrẹ ti ṣìnà.

Ṣé lẹ́ńsì 18-55mm yín lè dé ibẹ̀? Láàárín àwòrán, ní f/8 (nọ́ńbà ihò lẹ́ńsì ni f/ yìí; bó bá ṣe tóbi tó ni ihò ṣe ń kéré tó), ọ̀pọ̀ wọn lè dé ibẹ̀. Tí ẹ bá na zoom dé 55mm, tí ẹ sì ṣí ihò lẹ́ńsì, èyí tí a ń pè ní aperture, gbayawu sí f/5.6, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ̀, pàápàá létí àwòrán.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé kámẹ́rà lé tripod nínú yàrá tó mọ́lẹ̀, kí ẹ kọ ojú rẹ̀ sí nǹkan tó ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, bí ẹ̀yìn agolo mílíìkì. Ẹ fi ọwọ́ ṣe fókọ́ọ̀sì, kí ẹ ya fọ́tò kan. Ẹ má fọwọ́ kan ihò lẹ́ńsì, ẹ má fọwọ́ kan ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè tó, kí ẹ wá ya fídíò 4K fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹ gbé méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ wò wọ́n ní 100%. Fọ́tò kámẹ́rà mẹ́gápíksẹ́lì 24 ní píksẹ́lì 6000 ní ìbú, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ lẹ́ńsì ju 4K lọ dáadáa. Nítorí náà, bí fọ́tò yẹn bá mú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dá lẹ́ńsì sílẹ̀. Kò jẹ̀bi.

Bí fọ́tò bá mú tí fídíò kò mú, inú kámẹ́rà tàbí inú kọ̀ǹpútà ni kí ẹ lọ. Ẹ wo ISO: nígbà tó bá ti ga, kámẹ́rà máa ń nu àwọn èérún kéékèèké tó wà lójú àwòrán, ó sì ń nu awọ ara àti òwú aṣọ pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ pa ìmúdúró tó jẹ́ ti software, èyí tí kì í jẹ́ kí àwòrán máa gbọ̀n, torí pé gígé ló ń gé etí àwòrán tó sì ń fẹ èyí tó kù. Ẹ wo timeline, ibi tí ẹ ti ń to fídíò pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ fi ṣe àtúntò. Bó bá jẹ́ 1920×1080 ló wà, HD lẹ gbé fún oníbàárà, ohun yòówù kí ẹ fi yà á. Ẹ wo bitrate, ìyẹn iye dátà tí fídíò ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹ fi gbé e jáde pẹ̀lú. YouTube fúnra rẹ̀ ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí 4K oní-frémù 24 sí 30 wà láàárín 35 sí 45 Mbps. Ẹ gbé e jáde ní 10 Mbps, kí ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti ń jó, ilẹ̀ ijó á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Kí ẹ sì fi ọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ oníbàárà bóyá tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ jẹ́ 4K rárá. Ọ̀pọ̀ tó wà nílé kò ju HD lọ.

Bó bá jẹ́ pé fọ́tò náà kò mú, ẹ tú fílítà UV olówó pọ́ọ́kú tó wà níwájú lẹ́ńsì kúrò kí ẹ tún un yà. Ẹ nu lẹ́ńsì. Ẹ ti ihò sí f/8. Bí kò bá tíì mú lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ìgbà yẹn la lè jọ sọ̀rọ̀ owó.

Ẹ kú làákàyè, ẹ̀yin àgbà. Lẹ́ńsì mi ń mú dáadáa nínú gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n bí mo bá ya ọdún ìbílẹ̀ ní gbangba lọ́sàn-án gangan, gbogbo rẹ̀ á rọ̀. Òkè Olósùnta tó wà lẹ́yìn á dà bí ohun tí wọ́n fi èéfín bò. Frémù 25, shutter 1/50 ni mò ń lò níbi gbogbo. — Ayàwòrán, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Shutter yín, ìyẹn àkókò tí sẹ́ńsọ̀ fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún frémù kọ̀ọ̀kan, dára. Ihò lẹ́ńsì ni kí ẹ lọ wò. A fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé f/22 ló wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán tí ìkúùkuu kò bò ń béèrè f/16 ní ISO 100 pẹ̀lú shutter 1/100. Ní 1/50 tiyín, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ti di ìlọ́po méjì, kí àwòrán má baà funfun báláú, ihò gbọ́dọ̀ tún kéré sí i, ó di f/22. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ihò bá kéré tó bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kì í lọ tààrà mọ́, ó ń tàn ká. Diffraction ni wọ́n ń pè é. Kò sí lẹ́ńsì tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n rà ní mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù.

Bó ṣe tàn ká tó ṣeé wọ̀n. Máíkírọ̀nù 1 jẹ́ ìdá kan nínú 1000 mìlímítà. Ní f/5.6, ojú àmì ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo máa ń fẹ̀ tó máíkírọ̀nù 7.5 lórí sẹ́ńsọ̀. Ní f/8 ó di bíi 10.7, ní f/16 bíi 21, ní f/22 bíi 29. Píksẹ́lì 4K kan lórí sẹ́ńsọ̀ APS-C fẹ̀ tó máíkírọ̀nù 6. Èyí ni pé ní f/22, ohun tó yẹ kó bọ́ sínú píksẹ́lì kan ti bo ìbú bíi 5. Lẹ́ńsì yín ṣì mú. Ihò tóóró yẹn ni kò jẹ́ kó ríbi fi í hàn.

Oògùn rẹ̀ ni fílítà ND, gíláàsì dúdú tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú lẹ́ńsì láti dín ìmọ́lẹ̀ kù. Láti f/22 bọ́ sí f/5.6 jẹ́ stop 4: 22, 16, 11, 8, 5.6. Stop kọ̀ọ̀kan ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì, nítorí náà ND16 ni yóò gbà á padà. Bí ẹ bá fẹ́ dé f/2.8 kí ẹ̀yìn eégún lè rọ̀ kí eégún fúnra rẹ̀ sì yọ, ND64. Àwọn tó ń fi profaili log yà, èyí tó ń mú àwòrán ṣá kí wọ́n lè tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà, tí kámẹ́rà wọn kò jẹ́ kí ISO lọ sílẹ̀ ju 800 lọ, ẹ fi stop 3 kún un: ND128 kí ẹ tó lè dúró ní f/5.6.

Ìwọ̀n ẹnu lẹ́ńsì wà lára rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì Ø: 49, 55, 58, 77 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ní lẹ́ńsì mẹ́ta tí ẹnu wọn kò dọ́gba, ẹ má ra fílítà mẹ́ta. Ẹ ra èyí tó bá ẹnu tó tóbi jù mu, kí ẹ fi òrùka step-up mú un bá àwọn yòókù.

ND tí ń yí, èyí tí wọ́n ń yí lọ́wọ́ tí òkùnkùn rẹ̀ ń pọ̀ sí i, rọrùn lójú agbo, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń ti inú oòrùn bọ́ sábẹ́ kánópì. A kò kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n gíláàsì polarizer méjì ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá yí i dé òpin, àgbélébùú dúdú á hàn lójú àwòrán, bó bá sì jẹ́ èyí tí kò dára, ó ń ba fókọ́ọ̀sì jẹ́ lórí lẹ́ńsì gígùn bíi 135mm tàbí 200mm. Ẹ yà fídíò kan pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ya òmíràn láìsí i, kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Bí ẹ bá wà lójú agbo tí ẹ kò sì ní ND rárá, ẹ gbé shutter lọ sí 1/200 kí ihò lè dé f/11. Ẹsẹ̀ oníjó á máa fò díẹ̀ lójú, àmọ́ ojú wọn á hàn.

Ní ti òkè Olósùnta, ẹ̀bi ibẹ̀ kì í ṣe ti lẹ́ńsì nìkan. Ooru tó ń ti ara àpáta àti ilẹ̀ gòkè lọ́sàn-án máa ń mú kí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín yín máa mì, bí lẹ́ńsì bá sì ti gùn tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa hàn tó. Ẹ ya òkè láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó gbóná.

Ẹ jọ̀wọ́, mo ra 50mm f/1.8 torí wọ́n ní ó mú ju ti zoom lọ. Nígbà tí ìyàwó bá ń jó wọlé, ojú rẹ̀ á mú, á tún bàìbàì, á tún mú. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? — Ìjerò-Èkìtì

Rárá. Lẹ́ńsì dáadáa lẹ rà, ẹ kàn ṣí i jù ni. Ní f/1.8, pẹ̀lú kámẹ́rà APS-C, bí ìyàwó bá wà ní mítà 2 síwájú yín, gbogbo àyè tó mú kò ju bíi ṣẹ̀ǹtímítà 11 lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Imú dé etí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán. Ẹni tó bá ń jó yóò ti tẹ̀ síwájú ju ìyẹn lọ kí fókọ́ọ̀sì tó sáré bá a. Ní f/2.8 àyè náà di bíi 18, ní f/4 bíi 25. Lẹ́ńsì náà fúnra rẹ̀ kì í sì í fi gbogbo agbára rẹ̀ hàn ní f/1.8, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ fúnfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ létí ohun tó ń dán, bíi ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyàwó. Bó bá ti dé f/2.8, ó lọ.

Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Láti f/1.8 sí f/4 yóò gbé ISO yín láti 800 lọ sí bíi 4000. Bí kámẹ́rà yín kò bá fara da ìyẹn, f/2.8 ni kí ẹ dúró sí, kí ẹ fi owó lẹ́ńsì tí ẹ ń rò ra iná LED kan. Ẹ fi fókọ́ọ̀sì sí continuous kó lè máa tẹ̀lé e láìdúró, kí ẹ tan ìdámọ̀ ojú bí kámẹ́rà bá ní in.

Ẹ kú ìgbìyànjú. Mo fẹ́ lọ ra lẹ́ńsì tòkunbọ̀ ní Ìkẹjà. Báwo ni n óò ṣe mọ̀ pé ó ṣì mú kí n tó gbé e padà wálé? — Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ẹ mú kámẹ́rà yín dání, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láìtíì dè é mọ́ kámẹ́rà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn lẹ́ńsì, kí ẹ máa wò ó láti iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe gangan. Eruku wóńwóń díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Olú, ìyẹn fungus, ni ẹ ń wá: ó máa ń ní ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti etí gíláàsì. Bó bá jẹ́ kùrukùru ló bo gíláàsì inú, ìyẹn pẹ̀lú burú, ó ń gba dúdú kúrò nínú àwòrán. Ẹ wo gíláàsì ẹ̀yìn dáadáa ju ti iwájú lọ. Ojú ọgbẹ́ tó wà níbẹ̀ sún mọ́ sẹ́ńsọ̀, ó ń hàn ju ti iwájú lọ. Ẹ wo abẹ́ tó ń ṣí ihò: bí òróró bá wà lára wọn, wọ́n á máa lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fídíò yín á máa ṣe ségesège. Ẹ mú òrùka zoom, kí ẹ mì í. Bó bá ń ṣe gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n, nǹkan ti yẹ̀ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ògiri. Fún 50mm, ẹ dúró ní mítà 2.5. Lórí APS-C, ògiri tí kámẹ́rà ń rí yóò fẹ̀ tó bíi ṣẹ̀ǹtímítà 117, yóò sì ga tó bíi 66. Ẹ lẹ ojú ewé ìwé ìròyìn márùn-ún mọ́ ọn: ọ̀kan láàárín, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Ní ìjìnnà yẹn, píksẹ́lì 4K kan ń bo mìlímítà 0.3 lórí ògiri. Lẹ́tà kékeré ìwé ìròyìn tó ga tó mìlímítà 1.5 yóò gba píksẹ́lì 5, ó yẹ kó ṣeé kà. Bí kò bá ṣeé kà ní f/5.6, láàárín àwòrán gan-an, pẹ̀lú tripod àti fókọ́ọ̀sì tí ẹ fi ọwọ́ ṣe nígbà tí ẹ fẹ ojú rẹ̀ tóbi lójú kámẹ́rà, ẹ dá lẹ́ńsì náà padà fún olówó rẹ̀.

Ẹ yà á ní f/1.8, 2.8, 4, 5.6, 8 àti 11. Igun yóò rọ̀ ju àárín lọ nígbà tí ihò bá ṣí, kò burú bẹ́ẹ̀. Fídíò 16:9 kì í tilẹ̀ í lo òkè àti ìsàlẹ̀ sẹ́ńsọ̀ tán. Ohun tó burú ni kí igun kan ṣoṣo rọ̀ tí mẹ́ta yòókù mú. Gíláàsì kan ti yẹ̀ kúrò láàyè rẹ̀ nìyẹn, ó sábà máa ń jẹ́ pé ó já bọ́ rí. Kí ẹ má baà fi ẹ̀sùn kan lẹ́ńsì nígbà tó jẹ́ pé kámẹ́rà yín ni kò dúró tààrà sí ògiri, ẹ dorí kámẹ́rà kodò, kí ẹ tún un yà. Bí ìwé ìròyìn kan náà lórí ògiri bá ṣì ni kò mú, bí ẹ ṣe dúró ló fà á. Bí àìmú náà bá ti sá lọ sórí ìwé tó wà ní igun òdìkejì, lẹ́ńsì ni.

Ọ̀pọ̀ tó ń tajà kò ní jẹ́ kí ẹ lẹ nǹkan mọ́ ògiri. Páálí ọjà tó ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lórí pẹpẹ wọn lè rọ́pò ìwé ìròyìn. Ẹni tí kò bá sì jẹ́ kí ẹ dán an wò rárá, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ṣé kí n kúkú lọ sí 8K kí ọ̀rọ̀ yìí lè tán? — Ìdó-Èkìtì

Kò ní tán, yóò le sí i ni. 8K jẹ́ 7680×4320, ó lé ní mílíọ̀nù 33 píksẹ́lì, ó sì ń béèrè ìlà méjì-méjì bíi 107 nínú mìlímítà kan lórí full frame níbi tí 4K ti ń béèrè 53. Píksẹ́lì rẹ̀ kò ju máíkírọ̀nù 4.7 lọ, nítorí náà f/8 tó dára fún 4K ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ níbẹ̀. Bí iṣẹ́ yín kò bá ju ìgbéyàwó àti ìsìnkú lọ, ẹ jókòó ti 4K.

Ẹ káàsán o. Fóònù ni mo fi ń ya iṣẹ́ mi, mi ò tíì lówó kámẹ́rà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní fídíò mi dà bí èyí tí wọ́n fi òróró pa. — Akẹ́kọ̀ọ́, Ọyẹ́-Èkìtì

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òróró gan-an ni. Ìka ń kan lẹ́ńsì fóònù ní gbogbo ìgbà, ọ̀rá ara á sì mọ́ ọn. Alẹ́ ni ẹ ó ti rí i jù, nígbà tí iná kọ̀ọ̀kan bá ń fa ìrù gígùn. Ẹ fi aṣọ tí wọ́n ń nu gíláàsì ojú nù ún kí ẹ tó yà, lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má kúrò ní 1x bí ẹ bá lè rìn sún mọ́ ohun tí ẹ ń yà, torí pé lórí ọ̀pọ̀ fóònù, gígé lásán ni zoom yẹn. Ẹ má sì fi WhatsApp ránṣẹ́ bí fídíò lásán, yóò fún un pa. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document.

Ẹ kú àárọ̀. A lọ ya fídíò níbi omi gbígbóná Ìkógòsì. Bí a ṣe jáde nínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, lẹ́ńsì ṣú, gbogbo ohun tí a yà fún bíi ìdajì wákàtí ló bàjẹ́. Kí la lè ṣe nígbà míì? — Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

Gíláàsì tútù ló pàdé afẹ́fẹ́ gbígbóná tó kún fún ọ̀rinrin. Ẹ ṣe é báyìí: kí ẹ tó jáde nínú yàrá, ẹ kó kámẹ́rà àti lẹ́ńsì sínú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù, kí ẹ di ẹnu rẹ̀ pinpin. Ẹ gbé e jáde bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó lè gbóná díẹ̀díẹ̀; ara ọ̀rá ni omi yóò sẹ̀ sí. Èyí tó rọrùn jù ni pé kí ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù yẹn láti òru. Bó bá ti ṣú, ẹ má máa nù ún léraléra, ẹ má sì tú lẹ́ńsì kúrò lára kámẹ́rà, kí omi má baà sẹ̀ sórí sẹ́ńsọ̀. Ẹ dúró. Etí omi gbígbóná gan-an, ooru omi tó ń gòkè níbẹ̀ yóò ṣì máa gba dúdú kúrò nínú àwòrán. Ẹ bọ́ sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ lo lẹ́ńsì tó gùn sí i.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ju ṣíṣú yẹn lọ ni ibi tí ẹ ń kó lẹ́ńsì sí lẹ́yìn iṣẹ́. Ọ̀rinrin Èkìtì nígbà òjò pọ̀, olú sì fẹ́ràn báàgì tó ní fóòmù nínú. Ẹ wá ike onídèérí tó lè dé pinpin, kí ẹ fi silica gel, èérún tó ń fa ọ̀rinrin mu, sínú rẹ̀ àti hygrometer kékeré, ohun tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rinrin. Ìwọ̀n 40 sí 50% ni kí ẹ fojú sùn. Bó bá lé ní 60 fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, olú ti ń wá ilé. Silica gel aláwọ̀ búlúù tó bá ti di píǹkì ti mu omi yó. Ẹ yan án nínú oven ní nǹkan bíi 120°C fún wákàtí kan sí méjì, yóò padà sí búlúù. Ìrẹsì tí àwọn kan ń lò ní eruku lára, ẹ má fi sún mọ́ lẹ́ńsì. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi rọ́bà afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku dànù, kí ẹ tó fi ohunkóhun kan gíláàsì. Eruku ọyẹ́ tí wọ́n fi etí ẹ̀wù nù ló ń họ lẹ́ńsì jù lọ.

Ẹ̀yin olóòtú, tèmi yàtọ̀. Lẹ́ńsì mi mú, ó tilẹ̀ mú jù. Bí mo bá ya àríyá, àwọ̀ òṣùmàrè á máa sáré lórí aṣọ òfì àti fìlà àwọn bàbá. — Adó-Èkìtì

Moiré nìyẹn. Nígbà tí ìlà aṣọ bá wẹ́ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú bí píksẹ́lì ṣe tò, kámẹ́rà á ka àwọn kan, á fo àwọn kan, á wá ya ìlà tí kò sí níbẹ̀ rárá. Kámẹ́rà tó ń fo ìlà sẹ́ńsọ̀ láti rí fídíò ló ń ṣe é jù, ọ̀pọ̀ DSLR àtijọ́ sì wà lára wọn. Kámẹ́rà tí kò ní fílítà low-pass, èyí tó ń mú kí ìlà wẹ́wẹ́ rọ̀ díẹ̀, lójú sẹ́ńsọ̀ náà ń ṣe é. Lẹ́ńsì tó mú ló ń gbé òwú wẹ́wẹ́ yẹn dé ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́ńsì tó rọ̀ ì bá ti pa á pọ̀ kó tó débẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fẹ ojú àwòrán lórí kámẹ́rà kí ẹ mọ̀ bóyá inú fídíò ló wà lóòótọ́, torí pé ojú ìwòran kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà máa ń dá tirẹ̀ ṣe. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ sún síwájú tàbí sẹ́yìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan, tàbí kí ẹ yí zoom díẹ̀. Ìwọ̀n ìlà náà á yí padà, òṣùmàrè á sì lọ. Ẹ dín sharpness, mímú tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ń fi kún àwòrán, kù nínú picture profile dé ìsàlẹ̀. Bí ẹni náà bá jókòó, ẹ ṣí ihò, kí ẹ fi fókọ́ọ̀sì sí ojú rẹ̀ kí agbádá lè rọ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ agbo ńlá lẹ ń yà tí gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú, ihò tóóró tí a bá ará Ìkẹ́rẹ́ wí lé lórí lókè, bíi f/16, wúlò níbí: títàn ká ìmọ́lẹ̀ yẹn á pa òwú wẹ́wẹ́ pọ̀. Bó bá ti wọ inú fídíò tán, yíyọ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà le gan-an. Ẹ lè pa àwọ̀ rẹ̀, ìlà rẹ̀ á ṣì wà. Nítorí náà, ẹ tètè dé gbọ̀ngàn, kí ẹ wá ẹnì kan tó wọ aṣọ ẹbí ọjọ́ náà, kí ẹ yà á láti ibi tí ẹ ó dúró sí gan-an, kí ẹbí tó wọlé.